Ta Ni Ó Jẹ Ajá Yìí Ní Gbèsè?

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, bí a ti ń pín oúnjẹ lọ́wọ́, ìyá kan tí a bọ̀wọ̀ fún púpọ̀ fà wá sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ní, "Tíṣà, a gbọ́ pé ajá òyìnbó ni ẹ ń tọ́ nínú pálọ̀ báyìí. Ṣé kò sí o?" A rẹ́rìn-ín, a ní kò sí nǹkan kan. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún bi wá pé, "Nítorí kí ni?"

Ìbéèrè kúkúrú ni, ṣùgbọ́n a gbé e délé, kò sì jẹ́ kí a sùn dáadáa. Nígbà tí akọ̀wé ìwé ìròyìn wa béèrè ohun tí a óò kọ, a ní kí wọ́n jẹ́ kí a fi àyè tiwa dáhùn rẹ̀.

Òtítọ́ ni. Láti àárín oṣù Kẹta ọdún 2025 títí di ìparí oṣù Karùn-ún ni ajá kan gbé ọ̀dọ̀ wa níbí ní Abbey Wood. Kì í ṣe tiwa. Greyhound ni àwọn òyìnbó ń pè é, ajá tẹ́ẹ́rẹ́ elẹ́sẹ̀ gígùn tí wọ́n fi ń sáré ìje. Eré ti parí fún un. Ẹgbẹ́ aláàánú kan ni ó gbé e wá pé kí a bá wọn mú un mọ́ra, kí ó lè mọ bí a ti ń gbé inú ilé, títí wọn yóò fi rí ẹni tí yóò gbà á pátápátá. Àbígbẹ̀yìn wa, tí ó máa ń bá ẹgbẹ́ náà ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ Sátidé, ni ó fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n sọ. Ó di mọ́kànlá.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó ń lò fún irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, foster, náà ni wọ́n ń lò fún ọmọ ènìyàn. Èdè tiwa kò da méjèèjì pọ̀: ọmọ ni à ń tọ́, ẹran ni à ń sìn. Ẹni tí ó gba ọmọ sọ́dọ̀, alágbàtọ́ ni. Ẹni tí ó gba ewúrẹ́ ẹlòmíràn, ó gbà á sìn ni, bí ewúrẹ́ náà bá sì bímọ, wọn yóò jọ pín in. Àwọn ìyá wa sin ewúrẹ́ fún ara wọn báyìí, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní àánú. Òwò ni, pẹ̀lú ìfọkàntán. Ṣùgbọ́n ajá tí a ń wí yìí kì yóò bímọ fún ẹnikẹ́ni, kò lè ṣọdẹ fún wa, kì í sì í gbó mọ́ olè. Kò sí ohun tí a óò pín lára rẹ̀. Nítorí náà ìbéèrè ìyá wa kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀ rárá.

Fún àwọn tí kò mọ eré náà, ajá mẹ́fà ni ó máa ń sá a lẹ́ẹ̀kan náà. Aṣọ tí a dè mọ́ wọn lára ni a fi ń dá wọn mọ̀: ti kìíní pupa, ti kejì búlúù, ti kẹta funfun, ti kẹrin dúdú, ti karùn-ún ní àwọ̀ ọsàn, ti kẹfà sì ní ìlà dúdú àti funfun. Ehoro àtọwọ́dá kan ni iná mànàmáná ń fà lọ níwájú wọn, wọn kì í sì í bá a. Belle Vue ní Manchester ni wọ́n ti kọ́kọ́ sá irú eré yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1926, ó sì tàn kálẹ̀ kíákíá. Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí nìkan, Wembley, White City, Harringay, Hackney, Catford, Walthamstow àti Wimbledon ni wọ́n ní pápá eré ajá, gbogbo wọn ni ó sì ti kógbá sílé: Catford ní 2003, Walthamstow ní 2008, Wimbledon ní 2017. Crayford tí ó sún mọ́ wa náà ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2025. Tẹ́tẹ́ ni ó gbé gbogbo rẹ̀ ró. Bí kò bá sí tẹ́tẹ́, ta ni yóò dúró nínú òtútù máa wo ajá tí ń lé ehoro irọ́?

Ajá lè bẹ̀rẹ̀ eré bí ó bá ti tó bí ọmọ ọdún kan àti oṣù mẹ́ta, ọ̀pọ̀ wọn ni ó sì ti ṣíwọ́ kí ó tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí wọn lè gùn tó ọdún 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ bí ti inú kíláàsì: ẹni tí ó fẹ̀yìn tì ní ọmọ ọdún mẹ́rin, tí ó ku ọdún mẹ́jọ tí yóò máa jẹun, tí kò sì lè mú kọ́bọ̀ wọlé fún ẹnikẹ́ni mọ́. Níbẹ̀ ni gbogbo ìṣòro náà wà.

Abo ni ajá tiwa, ọmọ ọdún mẹ́rin, abilà bí ẹkùn. Ireland ni wọ́n ti bí i, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ń sáré níbí. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan ti ṣẹ́ rí. Níbi tí pápá ti yà kọ́nà ni wọ́n ti máa ń farapa. Wọ́n fi yíǹkì tẹ lẹ́tà mọ́ inú etí rẹ̀, èyí tí kò lè parẹ́ mọ́, kí olówó rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn òwò ẹrú ní ilé ẹ̀kọ́ yóò mọ ohun tí ó wá sí wa lọ́kàn nígbà tí a rí i. A kò sọ pé ọ̀kan náà ni. A kàn ní ó wá sí wa lọ́kàn.

Orúkọ tí ó fi ń sáré gùn bí orúkọ olóyè, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fi pè é jẹun rí. Ẹ sì mọ̀ pé nílé wa, orúkọ ajá kì í ṣe ti ajá. Aládùúgbò ni à ń fi í bá wí. Bàbá àwọn ọmọ wa wò ó títí, wọ́n sọ ọ́ ní Ẹ-Jẹ́-Ó-Sinmi. Àwọn ọmọọmọ gé e kúrú, wọ́n ń pè é ní Jósinmi.

Inú àgọ́ ajá ni ó ti dàgbà, kò gbé ilé rí. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, ó dúró ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kí ó gun ọ̀pẹ láìsí igbà. Bàbá àwọn ọmọ, ẹni ọdún 71 tí orúnkún ń dùn, kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀tún iwájú, òsì ẹ̀yìn, bí a ti ń di ọmọ kíláàsì kìíní lọ́wọ́ mú kí ó lè kọ a, b, d. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é. Ìlẹ̀kùn dígí tí ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó forí sọ ọ́, nítorí kò mọ̀ pé ohun tí a lè rí ọ̀ọ́kán nínú rẹ̀ lè dí ọ̀nà. Bébà ni a lẹ̀ mọ́ ọn kí ó tó yé e. Ẹ̀rọ ìfọṣọ dẹ́rù bà á. Ìró agogo ojú ọ̀nà dẹ́rù bà á. Bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ jù sí i, ó wò ó, ó wò wá, ó sì dùbúlẹ̀. Ajá tí ó lè sá bí 40 máìlì ní wákàtí kan, kò mọ eré ṣíṣe.

Oorun ni ó mọ̀. Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, ó ti sùn. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣe fọwọ́ kàn án lójijì bí ó bá ń sùn, orúkọ ni kí a kọ́kọ́ pè, nítorí ẹni tí kò bá ẹlòmíràn sun yàrá rí lè fò dìde pẹ̀lú eyín. Nígbà mìíràn ojú rẹ̀ á là sílẹ̀ nínú oorun náà. Ọmọọmọ wa kan sáré wá bá wa ní kíṣìnnì pẹ̀lú ẹkún pé Jósinmi ti kú.

Oúnjẹ ńkọ́? Nílé, ajá ni ó ń jẹ àjẹkù, ẹ̀bà tí a fi ọbẹ̀ rá, egungun, ohunkóhun. A fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, àbígbẹ̀yìn wa pariwo. Àlùbọ́sà jẹ́ májèlé fún ajá, ó ní kí a sọ ọbẹ̀ kan fún òun tí kò ní àlùbọ́sà nínú nílé yìí. A ronú, a kò rí ọ̀kan.

Bí a bá mú un jáde, okùn kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, nítorí bí ó bá tajú kán rí ọ̀kẹ́rẹ́ ní páàkì, ó di Crayford nìyẹn. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, irun rẹ̀ kò tó nǹkan, a ní láti wọ ẹ̀wù fún un kí a tó jáde. Àwọn ará ìjọ wa kan rí wa ní ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì, àwa pẹ̀lú ajá tí ó wọ ẹ̀wù. Ó dá wa lójú pé láti ibẹ̀ ni ìròyìn ti gba ilé lọ.

Ó ní ohun kan tí ó máa ń ṣe. Kì í fò mọ́ ènìyàn, kì í lá ọwọ́. Yóò wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni, yóò sì rọra fi gbogbo ara rẹ̀ tì ọ́ lẹ́sẹ̀, bí àgbàlagbà tí ń wá ògiri. Yóò dúró bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an. Ní ọdún 1997, ọdún kejì tí a dé ìlú yìí, àwọn ẹlẹgbẹ́ bàbá àwọn ọmọ níbi iṣẹ́ mú wọn lọ sí Catford ní alẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n fi pọ́n-ùn méjì lé ajá kẹfà, èyí tí ó wọ aṣọ onílà, nítorí pé aṣọ náà jọ aṣọ òkè kan tí ìyá wọn ní. Ó gba ipò kìíní. Pọ́n-ùn 14 ni wọ́n mú wálé. A bá wọn wí gidigidi, a rán wọn létí pé ìjọ wa kò fojú rere wo tẹ́tẹ́ láti ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù rẹ̀: owó náà ni a fi ra bàtà ilé ìwé fún àkọ́bí wa. A bínú ní alẹ́, a ra bàtà ní àárọ̀.

Kò sí ẹni tí ó béèrè nínú àwa méjèèjì ibi tí ajá onílà náà yóò lọ bí ó bá dẹ́kun eré. Ní oṣù Keje ọdún 2006 ni ìwé ìròyìn kan tú àṣírí ọkùnrin kan ní Seaham, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ti ń gba pọ́n-ùn 10 lórí ajá kọ̀ọ̀kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó ń pa àwọn ajá eré tí ó yèkooro, tí ó sì ń sin wọ́n sínú ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù, òfin tí wọ́n fi mú un kì í ṣe òfin pípa ajá. Òfin dída ìdọ̀tí sílẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ ni. Ìdọ̀tí! A ka ìròyìn náà, a sì wo bàbá àwọn ọmọ, àwọn náà wò wá, a kò sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó jẹ dídùn ni yóò jẹ kíkan. Dídùn tiwa jẹ́ bàtà ọmọ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n a jẹ ẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí àbígbẹ̀yìn wa béèrè ní ọdún 2025, a kò rò pé àánú ni a fẹ́ ṣe. Gbèsè ni a rí. A mọ̀ pé ajá tiwa yìí kọ́ ni ó sáré ní Catford. Èyíinì ti kú tipẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè bá ti kú, ṣé àwọn ẹbí rẹ̀ kì í gbà á?

Arábìnrin kan nínú yín sọ fún wa pé ebi ń pa ènìyàn nílé, a wá ń tọ́jú ajá. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, a kò sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Àwọn akẹgbẹ́ wa tí a jọ ṣe Grade Two wà nílé lónìí tí wọ́n ń dúró lórí ìlà nínú oòrùn kí wọ́n lè fi hàn pé wọ́n ṣì wà láàyè, kí owó ìfẹ̀yìntì wọn má bàa dúró. Ẹni tí ó bá ní ajá sàn jù wọ́n lọ ti ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà ni ó ń gbé oúnjẹ ajá wá, àwọn ni wọ́n ń sanwó dókítà ẹran. Owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé kò dín. Ohun tí a ná ni àkókò, èyí tí kò ṣeé fi ránṣẹ́. A kò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi wá nípa ebi ilé nígbà tí a bá ń ra aṣọ ẹbí. John Wesley fúnra rẹ̀, ní 1781, kọ ìwàásù odidi kan lórí Róòmù orí 8 láti sọ pé àwọn ẹranko náà ní ìpín nínú ìdáǹdè tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá rò pé àṣejù òyìnbó ayé òde òní ni èyí, kí ó wá ìwàásù náà kà.

Ìbéèrè tí ó le jù wá láti ẹnu ọmọ wa ọkùnrin, tí ó máa ń jiyàn bí lọ́yà. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin ni ẹ ń jẹ́ kí wọ́n lè máa bá a lọ. Bí kò bá sí ẹni tí ń kó ajá wọn, ojú ì bá ti wọn, òfin ì bá ti lé wọn lọ." A gbìyànjú láti dá a lóhùn, a kò rí ohùn kíákíá, nítorí òtítọ́ wà níbẹ̀. Ní ọdún 2020, ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso eré náà dá ètò kan sílẹ̀ pé kí wọ́n máa fi pọ́n-ùn 400 pamọ́ lórí ajá kọ̀ọ̀kan fún ìgbà ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ìdajì láti ọwọ́ olówó ajá, ìdajì láti ọwọ́ ìgbìmọ̀. Ó dára ju Seaham lọ lọ́nà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ ohun tí ẹni tí ń gba tẹ́tẹ́ lè nàka sí pé, ẹ wò ó, gbogbo wọn ń lọ sínú pálọ̀. Pálọ̀ wa ni. Bí ẹnìkan bá ń gbá ọjà lálaalẹ́ láìsọ̀rọ̀, àwọn tí ń da ewé sílẹ̀ yóò gbà pé ilẹ̀ ọjà ni ó ń wẹ ara rẹ̀ mọ́.

A rò ó fún ọjọ́ púpọ̀. Ohun tí ó yí wa lọ́kàn padà díẹ̀ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Florida ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2018, àwọn ará ibẹ̀ fi ìbò fòpin sí eré ajá, òpin náà sì dé ní ìparí ọdún 2020. Àwọn ajá ibẹ̀ ńkọ́? Ilé ni wọ́n ń wá fún wọn. Ìjọba Wales náà kéde ní oṣù Kejì ọdún 2025 pé àwọn yóò fòfin dè é. Bí eré bá ń lọ, ajá nílò ibi tí yóò sùn. Bí eré bá parí, ajá ṣì nílò ibi tí yóò sùn. Ìjà tí ó wà láàárín ọmọ wa àti àwọn onítẹ́tẹ́, Jósinmi kò mọ̀ nípa rẹ̀, kò sì yẹ kí a fi í dúró síta títí ìjà yóò fi parí.

Ṣùgbọ́n a gba ìdajì ọ̀rọ̀ ọmọ wa. Ìwé kékeré tí ẹgbẹ́ náà fún wa sọ̀rọ̀ nípa bí ajá náà ti jẹ́ onísùúrù, kò sọ ohunkóhun nípa ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ́. A sọ fún wọn pé kí wọ́n má bínú, bí ẹnikẹ́ni bá dúró ní páàkì láti yin ajá náà, a óò gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn án, a óò sì sọ bí ó ti ṣẹ́. Wọn kò fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Wọn kò gba ajá náà lọ́wọ́ wa.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí a kò tíì lè jẹ dáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbí mọ̀ pé láti nǹkan bí ọdún 1955 títí di ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti Nàìjíríà tí wọ́n wá kàwé ní ìlú yìí máa ń fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ àwọn ìdílé òyìnbó, nípasẹ̀ ìpolówó nínú ìwé ìròyìn bíi Nursery World. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn wà nínú ẹgbẹ́ wa yìí. Wọ́n wá kí wa ní oṣù Karùn-ún, nígbà tí a ti gbọ́ pé tọkọtaya kan fẹ́ gba Jósinmi. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í, ó sì fara tì wọ́n. Wọ́n dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà wọ́n béèrè pé, "Ṣé ẹ ti sọ fún un pé kì í ṣe ibí ni yóò dúró sí?"

A ní, "Ajá ni, ẹ̀gbọ́n. Báwo ni a óò ti sọ fún un?"

Wọ́n ní, "Wọn kò sọ fún èmi náà."

A kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ohun tí a lè ṣe ni a ṣe. A ní kí tọkọtaya náà má tíì mú un lọ, kí wọ́n wá lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tún wá, kí wọ́n mú un rìn ní páàkì láìsí wa, kí ó mọ òórùn wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n wá. Ní ọjọ́ tí ó ń lọ, a di kúbùsù tí ó ń sùn lé láì fọ̀ ọ́, a fi sínú ọkọ̀ wọn. Ó wọ ọkọ̀ náà, ó fara ti obìnrin náà lẹ́sẹ̀ bí ó ti máa ń fara tì wá. Inú wa dùn, ó sì dùn wá. Ní alẹ́ ọjọ́ náà bàbá àwọn ọmọ pe orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó kọjá níwájú ibi tí ó máa ń sùn sí, kí ó má bàa ta gìrì.

Ìyá wa tí ẹ bi wá léèrè, ìdáhùn wa nìyí, bí kò tilẹ̀ tó. Ẹgbẹ́ náà tún ti pè ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Akọ ni lọ́tẹ̀ yìí, dúdú, ọmọ ọdún mẹ́ta, kò mọ àtẹ̀gùn. Bàbá àwọn ọmọ ní orúnkún àwọn kò gbà á mọ́, kí a sọ fún wọn pé ó tó. A kò tíì pè wọ́n padà. Ní àná a wọ kíṣìnnì, a bá bàbá níbi tí wọ́n ti ń lẹ bébà mọ́ ìlẹ̀kùn dígí.